Òwú tí Tufayl Fi Dí Etí



Àṣìṣe tèmi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ilé kéwú, mo fi bí ààbọ̀ wákàtí kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa fídíò kan tó ń lọ káàkiri orí fóònù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti wò ó tán, títí kan àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí àfi lẹ́nu mi. Inú bí mi. Nígbà tí mo délé ni ìtàn Tufayl ọmọ Amr wá sí mi lọ́kàn.

Èèyàn pàtàkì ni Tufayl nínú ìran Daws. Akéwì ni, ó sì gbọ́n. Nígbà tó wá sí Mọ́kà ṣáájú Hijira, àwọn àgbààgbà Kùráíṣì lọ bá a. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì kìlọ̀ fún un nípa Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a): ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí idán, ó ń ya ọmọ kúrò lára bàbá, ó ń ya ọkọ kúrò lára aya. Má bá a sọ̀rọ̀, má sì tẹ́tí sí i. Wọn kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí títí Tufayl fi ki òwú bọ etí kó tó lọ sí Kaaba.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n pè é ní ọlọ́gbọ́n, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ọmọdé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà léwu, bẹ́ẹ̀ wọn kò sọ ohun tó burú nínú rẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ mọ̀?

Ó bá Ànábì lórí ìrun, díẹ̀ nínú ohun tó ń ké sì wọ etí rẹ̀ láìka òwú sí. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè: ṣebí akéwì ni mí, mo mọ ọ̀rọ̀ rere yàtọ̀ sí búburú, kí ló dé tí mi ò ní gbọ́ ọ fúnra mi? Ó tẹ̀ lé Ànábì délé, ó gbọ́ Kùránì, ó sì gba Ìsìláàmù.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tó padà sílé, bàbá rẹ̀ àti aya rẹ̀ gbà, àmọ́ àwọn Daws yòókù fà sẹ́yìn. Ara Tufayl ò gbà á mọ́. Ó padà lọ bá Ànábì pé kó ṣẹ́ èpè lé wọn. (Àwa olùkọ́ mọ irú ìbínú yẹn dáadáa.) Àdúà ìmọ̀nà ni Ànábì ṣe fún Daws, ó sì ní kí Tufayl padà sílé, kó máa pè wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun Badr kọjá, Uhud kọjá, Khandaq náà kọjá, ó ṣì wà láàárín wọn. Ní ọdún 7 lẹ́yìn Hijira, nígbà tí Ànábì wà ní Khaybar, Tufayl kó bí agboolé 70 tàbí 80 nínú Daws wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Daws náà ni Abu Hurayrah, tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú hádíìsì lójoojúmọ́. Ọdún Khaybar yẹn ni òun náà dé.