Bí Ètò Kan Ṣe Ń Darí Òmíràn Nínú Fóònù

Ní ọjà Jankara ní Ìsàlẹ̀ Èkó, fóònù oníṣòwò tó ń ta àdìrẹ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ni báńkì rẹ̀, òun náà ló fi ń fi àwòrán ọjà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Android ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára fóònù wọ̀nyí, Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991 ló sì wà nídìí Android. Áàpù báńkì àti áàpù géèmù jọ ń gbé inú fóònù kan, síbẹ̀ géèmù kò lè wo ìwé owó báńkì. Ìdí ni pé kò sí áàpù tó ń dá ara rẹ̀ sílẹ̀: ètò mìíràn ló ń bí i, tó sì ń pààlà fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Unix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, ló fi ọ̀nà yìí lélẹ̀, Linux sì tẹ̀lé e. Ètò tó bá fẹ́ bí òmíràn á pe fork, á sì di méjì. Ọmọ á jogún àwọn fáìlì tí ìyá ti ṣí, fódà tó wà, nọ́ńbà aṣàmúlò rẹ̀, àti àwọn ìtọ́ni bíi PATH tó ń sọ ibi tí a ó ti wá ètò. Lẹ́yìn náà ni exec á gbé iṣẹ́ tuntun wọlé. Àárín fork àti exec ni gbogbo agbára wà: ibẹ̀ ni a ti ń pa fáìlì dé, tí a ti ń pààrọ̀ fódà, tí a ti ń gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ ọmọ.

Android tún ọ̀nà náà ṣe, ọgbọ́n rẹ̀ sì yẹ ní yíyìn. Bí fóònù bá ti ń tàn ni ètò kan tí à ń pè ní Zygote ti ń kó ohun tí gbogbo áàpù nílò sínú mẹ́mọ́rì. Bí èèyàn bá tẹ áàpù kan, Zygote á fork láìpe exec rárá. Ẹ̀dà tuntun á bọ́ àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ tó ga jù lọ nínú fóònù, sílẹ̀, á gba nọ́ńbà aṣàmúlò tirẹ̀, láti 10000 sókè, á sì gba àmì SELinux tó ń sọ ohun tó lè fọwọ́ kàn. Láti Android 8.0 ti ọdún 2017, seccomp, asẹ́ kan nínú Linux, kì í jẹ́ kó pe Linux fún àwọn iṣẹ́ kan. Gbogbo ẹ̀dà ló jọ ń lo ohun tí Zygote ti kó sílẹ̀, àfi èyí tó bá fẹ́ yí apá kan padà ló máa gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún fóònù olówó pọ́ọ́kú.

Ìdarí náà kò tán síbẹ̀. Bí mẹ́mọ́rì bá há, ètò kan tí à ń pè ní lmkd á pa áàpù tí kò sí lójú iṣẹ́. Cgroups, tí àwọn ẹnjiníà Google bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, tó wọ Linux lọ́dún 2008, ló ń pín agbára kọ̀ǹpútà fún àwọn áàpù, ó sì lè dá wọn dúró gbagidi.

Nínú gbogbo ọ̀nà ìdarí, èyí tó le jù ni ptrace. Ẹni tó bá ní in lè dá ètò míì dúró, kó ka mẹ́mọ́rì rẹ̀, kó sì yí i padà. Àwọn tó ń wá àṣìṣe inú kóòdù kò lè ṣe láìsí i. Àwọn olè pẹ̀lú ń wá a. Nọ́ńbà aṣàmúlò tó yàtọ̀ síra ni kì í jẹ́ kí géèmù fi ptrace mú áàpù báńkì, ṣùgbọ́n lórí fóònù tí wọ́n ti ṣí àṣẹ root rẹ̀ sílẹ̀, ètò tó bá rí àṣẹ náà gbà lè fò ó kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn áàpù báńkì kan fi ń ka ìlà TracerPid nínú /proc/self/status: bí nọ́ńbà ibẹ̀ kò bá jẹ́ 0, ètò kan ti dì wọ́n mú, wọ́n á sì kọ̀ láti ṣí.