Gbọ́ bùkátà
Gbígbọ́ bùkátà ẹnìkan ni ríru ìnáwó oúnjẹ, aṣọ, ilé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti inú èdè Haúsá ni bùkátà ti wọ Yorùbá. Àìní ló túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ yìí kò ka ọjọ́ orí. Ní ìlú Ìlerò, ọmọ ogún ọdún tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tí kò tíì ṣe fírídọ́ọ̀mù, bùkátà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn òbí.

Òfin owó-orí Nàìjíríà ti ọdún 1993 gba èrò yìí wọlé. Ó yọ̀ǹda ẹ̀dínwó fún òbí lórí ọmọ tí kò tíì ṣègbéyàwó, kó má ju mẹ́rin lọ. Iye rẹ̀ padà di 2,500 náírà lórí ọmọ kan. Kí òbí tó lè rí i gbà nígbà náà, ọmọ tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ wà nílé-ìwé, tàbí kó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé lé lórí. Ó dára púpọ̀ pé òfin náà ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kún. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé 24 ṣì lè wà lórí ìwé owó-orí òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin owó-orí tuntun Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026, kò ní ẹ̀dínwó ọmọ; ó yọ 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún kúrò nínú owó-orí fún gbogbo ènìyàn, yálà wọ́n ń gbọ́ bùkátà ọmọ tàbí wọn kò gbọ́.