Ó Ń Yọ Mí Lẹ́nu: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan Láàrin Ènìyàn àti Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kò tóbi. Bí alùpùpù bá ń kú lójú ọ̀nà, tí ó sì tún ń jí, bí ẹ̀rọ ìlọta bá ń lọ̀ díẹ̀ tí ó ń dákẹ́ díẹ̀, ará Ìràwọ̀ kì í sọ pé ó bàjẹ́. Ohun tí ó bàjẹ́ ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Yóò ní, ‘Ó ń yọnu.’ Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ ní Ṣakí àti ní Ìsẹ́yìn, àní jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Ìràwọ̀ ni mo mú, ìlú tí ó fún ìjọba ìbílẹ̀ ATISBO ní lẹ́tà kẹta orúkọ rẹ̀, nítorí pé ìlú àgbẹ̀ ni, níbi tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè máa sin ọ̀pọ̀ ilé.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Yọ àti ẹnu ni ó para pọ̀ di yọnu. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí yọ́nú, tí inú wà nínú rẹ̀, tí ojúrere sì jẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀.) Bí a bá fẹ́ dárúkọ ẹni tí ìyà náà ń jẹ, ọ̀rọ̀ náà yóò là sí méjì, ẹni náà yóò sì bọ́ sí àárín: ó ń yọ mí lẹ́nu, ó ń yọ ìyá wa lẹ́nu. Eyín a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa, inú rírun a máa ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ aláìgbọràn pẹ̀lú. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ìránṣọ dé, a kò wá ọ̀rọ̀ tuntun fún wọn. A kà wọ́n mọ́ ara àti ọmọ. ‘Ń’ tí ó ṣáájú rẹ̀ kò sì ṣe é fojú fò. Àìsàn yìí a máa lọ, a máa bọ̀, a sì sábà máa dákẹ́ ní kété tí mẹ́káníìkì bá dé.

Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, ìyọnu, gba ọ̀nà mìíràn. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn nítòsí Ìsẹ́yìn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà lára àwọn tí ó tú Bíbélì sí Yorùbá. Odidi rẹ̀ parí ní 1884. Nínú rẹ̀, ìyọnu ni orúkọ ohun tí ó kọlu ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹni tí ó ti gbọ́ ìyẹn nínú ìwàásù, báwo ni yóò ṣe pe iná tí ń ṣẹ́jú ní ìyọnu? Lójú tèmi, àyè tí ó ṣófo yìí ni kùdìẹ̀-kudiẹ wá dí nínú ìròyìn rédíò àti ìwé ìjọba. ‘Ó kù díẹ̀’ ni a ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ó wúlò, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò ní àárín tí ènìyàn lè bọ́ sí. Kùdìẹ̀-kudiẹ wáyé: ta ni ó bá?

‘Glitch’ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní àárín náà. Ní 1962, John Glenn, tí ó fò yí ayé po, ṣàlàyé rẹ̀ bí àyípadà òjijì nínú agbára iná mànàmáná. Láti ibẹ̀ ó wọ inú kọ̀ǹpútà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 2025, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti ba ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ọdún náà jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Àtúnṣe tí ó yẹ kí wọ́n fi sí kọ̀ǹpútà tí ń gba ìdáhùn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ 379,997 ní ibùdó 157 ni ọ̀ràn kàn. 206,610 nínú wọn wà ní Èkó. Ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún níwájú àwọn oníròyìn. ‘Glitch’ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì pè é. Akéde tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí kùdìẹ̀-kudiẹ kò ṣi gírámà, ṣùgbọ́n ó ti dájọ́ pé díẹ̀ ni. Bí ó bá lo ọ̀rọ̀ ará Ìràwọ̀, àárín yóò là, yóò sì ní láti fi ẹnìkan síbẹ̀: ẹ̀rọ yọ ọmọ 379,997 lẹ́nu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tún ìdánwò ṣe ní ọjọ́ 16 oṣù náà.