ÌTÀN WÚRÀ ÀTI ẸNI TÍ A LÈ FỌKÀN TÁN

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí kan àpótí gbogbo wa. Láti ìgbà tí agbára náírà ti ń dín kù, ọ̀pọ̀ obìnrin ọlọ́jà ló gbà pé ó sàn kéèyàn fi èrè ra wúrà pamọ́ ju kí owó kan jókòó lásán lọ. Èrò yẹn dára. Ṣùgbọ́n ìyá tó ra yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn, tó fi pamọ́ de owó ilé-ìwé ọmọ, tó gbé e jáde lọ́jọ́ ìṣòro, tí wọ́n wá sọ fún un pé idẹ lásán ni, ibo ló fẹ́ gbà? Ìdí nìyí tí a fi ní ká wo ìtàn, ká rí bí àwọn tó ti ṣòwò wúrà ṣáájú wa ṣe ń mọ ẹni tó ṣe é bá rà.

ÒWÒ LÁÌFOJÚ KANJÚ

Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn pé àwọn oníṣòwò Carthage, lẹ́bàá ìlú Tunis òde òní, máa ń wa ọkọ̀ ojú omi wá sí etíkun Áfíríkà. Wọ́n á kó ọjà wọn sílẹ̀, wọ́n á dá iná kí èéfín rú, wọ́n á sì padà sínú ọkọ̀. Àwọn onílẹ̀ á wá gbé wúrà síbẹ̀, wọ́n á sún sẹ́yìn. Bí wúrà náà ò bá tó, àwọn oníṣòwò á kàn jókòó sínú ọkọ̀ títí wọ́n á fi fi kún un. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ti ẹnì kejì kó tó pé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, èèyàn lè pa ọjà lé ẹ̀bá ọ̀nà, kó kó òkúta síwájú rẹ̀ láti fi hàn iye tó jẹ́, kó sì gba oko lọ. Ẹni tó bá rà á á fi owó síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé gbogbo wọn mọra wọn, wọ́n á sì tún pàdé lọ́la. Èèyàn tó bá ń kọjá lọ ni kì í bẹ̀rù ọ̀la.

KÁLUKÚ PẸ̀LÚ ÌWỌ̀N TIRẸ̀

Nítorí wúrà ni àwọn Pọtogí fi kọ́ ilé olódi Elmina ní Gánà lọ́dún 1482. Láàárín àwọn Akan níbẹ̀, ẹ̀kúnná wúrà ni owó tí wọ́n ń ná. Wọ́n máa ń fi idẹ rọ òkúta ìwọ̀n ní àwòrán ẹyẹ, ẹja tàbí ọ̀nì. Kì í ṣe ìwọ̀n ẹnì kan ni wọ́n ń lò: ẹni tó ń tà á wọ̀n ọ́n, ẹni tó ń rà náà á tún un wọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i, ìlànà ọjà ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọba Edward Kìíní ṣòfin ní 1300 lórí bí wúrà àti fàdákà ṣe gbọdọ̀ jẹ́ ojúlówó tó. Inú òfin yẹn ni àṣà títẹ àmì sára iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, wúrà tí ò ní àdàlù ni 24 káráàtì. Èyí tí wọ́n tẹ 875 sí jẹ́ 21 káráàtì, 750 jẹ́ 18, 375 sì jẹ́ 9 péré. Bí òrùka 18 káráàtì bá wọn gíráàmù 8, gíráàmù 6 ni wúrà inú rẹ̀, bàbà tàbí fàdákà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n àmì nìkan ò tó o, nítorí ẹni tó lè rọ idẹ lè tẹ 750 sí i lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta kòkó mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Nígbà tí ìjọba tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká ní 1986, oríṣiríṣi alágbàtà ló wọlé, tòun ti ìwọ̀n tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra gàrí mọ kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ojú tẹ́ ẹ fi ń wo kóńgò yẹn ni kẹ́ ẹ fi wo ìwọ̀n oníwúrà.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI GÁNÀ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ Menzgold ní Gánà ń ta wúrà fún aráàlú, àwọn oníbàárà sì ń fi wúrà náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ń gba èlé ńlá lóṣooṣù. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, àjọ tó ń bójú tó ìdókòwò ní Gánà pàṣẹ pé kí wọ́n dá òwò náà dúró. Owó sísan dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì rí owó wọn gbà mọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wúrà tí ò sí lọ́wọ́ ẹ, ìwé lo rà.

Nílé wa náà, wúrà wà nínú ilẹ̀ ní agbègbè Iléṣà. Ibi ìwakùsà Segilola níbẹ̀ gbé wúrà àkọ́kọ́ jáde ní 2021. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́nì, ẹni tó bá sì fẹ́ máa rà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá di wúrà tútù sínú ọ̀rá wá bá yín, tó ní ẹ̀gbọ́n òun ló wà á, ẹ má dá a lóhùn.

OHUN TÍ A MÁA ṢE

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ti pẹ́ níbẹ̀, tí àwọn tó ti tà fún un padà sì lè jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì lójú kan náà: èló lò ń tà á ní gíráàmù kan? Èló lo máa rà á padà lónìí? Ẹni tó bá kọ̀ láti rà á padà, ó mọ ohun tó tà. Ẹ rí i pé òdo ni ìwọ̀n wà kó tó gbé wúrà lé e, kẹ́ ẹ sì tún un wọ̀n níbòmíràn. Ẹ ní kó fi wúrà nu òkúta dúdú, kó kán omi ásíìdì sí i lójú yín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òòfà, torí òòfà ò fa idẹ náà. Ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́, gíráàmù, káráàtì àti iye owó.

Ẹ má yá owó ẹgbẹ́ ra wúrà. Àwọn tó rà á ní 850 dọ́là fún áúnsì kan ní oṣù kìíní 1980 rí i tó já sí nǹkan bíi 250 ní 1999. Lóòótọ́, ó kọjá 4,000 ní oṣù kẹwàá 2025, ṣùgbọ́n ta ló lè dúró fún ogún ọdún pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn?

Bí àìní bá sì dé, ẹ wá bá ẹgbẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé wúrà lọ tà, nítorí ẹni tí ojú ń kán ni gbájú-ẹ̀ máa ń rí mú. Kẹ́ ẹ mú ẹnì kejì dání bẹ́ ẹ bá ń lọ. Ojú méjì ló ń rí gbẹ̀jẹ́ ju ojú kan lọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi òógùn ojú wa ra ẹkún.