Ìgbà Wo Ni Oníbàárà Ń Sanwó?

Nínú ìwé NAICS, tí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò fi ń to irú òwò sí ìsọ̀rí, nínú ẹ̀dà ti Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 722511 wà fún irú ilé oúnjẹ kan, 722513 sì wà fún òmíràn. Bí a bá ń túmọ̀ wọn sí Yorùbá, tí a sì tẹ̀ lé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọn, "iṣẹ́ ìsìn kíkún" àti "iṣẹ́ ìsìn tó mọ níwọ̀n" la máa bá bọ̀, àfi bíi pé ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ. Ẹ jẹ́ ká pa orúkọ tì, ká ka àlàyé abẹ́ rẹ̀. Ní 722511, oníbàárà á jókòó, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá a, á jẹ tán kó tó sanwó. Ní 722513, owó ló máa ń ṣáájú. Ó tán: ilé oúnjẹ àjẹtánsan, ilé oúnjẹ àsansílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ àwọn tí wọ́n jọ máa du oníbàárà ládùúgbò kan kò ní ṣi wọ́n mú fún ara wọn.

Kó tó di 1997 tí NAICS dé, SIC, ètò olóòǹkà mẹ́rin, ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Abẹ́ ìtajà ló kó ilé oúnjẹ sí, nọ́ńbà kan ṣoṣo, 5812. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé ìgbà yẹn, kó kọ "ilé oúnjẹ", kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Bí nọ́ńbà NAICS ṣe ń gùn sí i ló ń sún mọ́ iṣẹ́ gan-an. 72 kó ilé ìtura àti ilé oúnjẹ pọ̀. 722 yọ ilé ìtura kúrò. 7225 yọ ilé ọtí àtàwọn tó ń gbọ́únjẹ òde ayẹyẹ. Gẹ̀ẹ́sì fún ìpele kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ètò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún ní orúkọ tirẹ̀ tí kò bá ti NAICS mu. Èmi ò rí ohun tí a fẹ́ fi gbogbo orúkọ yẹn ṣe. Ìsọ̀rí olóòǹkà méjì, ìsọ̀rí olóòǹkà mẹ́fà: ó yé ọmọ iléèwé tó ti kọ́ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ nínú gírámà.

"Ilé-iṣẹ́" ló ń dà mí láàmú. Kọ́ńpìnnì ni, fáktrì ni, ọ́fíìsì mínísítà náà ni. Bẹ́ẹ̀, NAICS kì í ka kọ́ńpìnnì. Ibi tí iṣẹ́ ti ń wáyé ló ń kà. Ká ní oníbúrẹ́dì kan ní fáktrì tó ń yan búrẹ́dì fún àwọn alátùntà, 311812 nìyẹn. Ó tún ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń yan tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò ń rà lọ sílé: 311811. Bí a bá pe kọ́ńpìnnì, fáktrì àti ṣọ́ọ̀bù ní ilé-iṣẹ́, báwo ni òǹkàwé ṣe máa mọ èyí tó ní nọ́ńbà wo? Kí ilé-iṣẹ́ dúró fún kọ́ńpìnnì, ká pe ìyókù ní ibùdó iṣẹ́. Oníbúrẹ́dì wa ní ilé-iṣẹ́ kan, ibùdó iṣẹ́ méjì, ìsọ̀rí méjì.