Iyán Lábẹ́ Páànù ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀

Ìró odó ló pè mí. Aago méjìlá ọ̀sán ti lù kọjá, ebi ń pa mí, mo sì ti pinnu pé inú Ọ̀wọ̀ ni n ó ti jẹun, àfi bí mo ṣe gbọ́ kì, kì, kì láti ẹ̀yìn ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ìlú náà kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní àdúgbò Ọ̀wọ̀ létí ọmọ ibẹ̀ o. Wọ́n ní ọba tiwọn, Ọjọmọlúdà. Mo bá yà.

Bùkà náà kò ju páànù tí wọ́n fi igi gbé dúró, bẹ́ǹṣì gígùn méjì, àti tábìlì tí wọ́n tẹ́ rọ́bà lé. Bàbá kan tó wọ agbádá àti ọmọ ọkọ̀ kan jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kálukú dojú kọ àwo tirẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Iyán àbí ẹ̀bà?"

Mo ní, "Ìrẹsì ńkọ́, ìyá?"

"Iyán ni oúnjẹ, ẹ jàre."

Àṣé ìtàn ni wọ́n máa bù síwájú mi. Ọ̀rọ̀ bùkà fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti yá a. Ahéré tàbí àtíbàbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kì í ra oúnjẹ jẹ. Ẹ̀kọ àti àkàrà òwúrọ̀, ó ti pẹ́ tí a ti ń rà á. Ṣùgbọ́n iyán alẹ́, ilé ni. Ọkùnrin tó bá jókòó síta tó ń gé òkèlè, wọ́n á bi í pé ìyàwó rẹ̀ dà.

Ọ̀nà ọkọ̀ ló yí i padà. Kí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ tó là, ẹni tó bá ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn lọ sí Bìní àti ìhà Ìlà-Oòrùn, Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n ni yóò gbà. Awakọ̀, akọ̀wé ìjọba, tíṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, oníṣòwò kòkó: àwọn wọ̀nyí ò gbé ìyàwó dání. Obìnrin tó ní odó, tó sì ní ọwọ́ ọbẹ̀, ló rí owó níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ wá kó lọ́rí ọkọ̀ lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ìbá rò pé ó parí fún wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ṣì ni èèyàn ń gbà lọ sí Ìkàrẹ́ àti Kàbbà, ìjọba sì dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1979. Ebi akẹ́kọ̀ọ́ kò kéré sí ti awakọ̀.

Wọ́n gbé àwo dé. Iṣu, ẹ̀gúsí, epo pupa: ti ilẹ̀ wa ni. Ata tó ń ta mí lẹ́nu ńkọ́? Láti Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ etíkun wa. Ìyèré àti ataare ló ń ta lẹ́nu kí ó tó dé. Ẹ̀bà tí ọmọ ọkọ̀ ń jẹ, àlejò ni òun náà: láti Bràsíìlì ni gbáàgúdá ti wá, àwọn Sàró àti Àgùdà tó padà sílé láàárín ọdún 1800 sí 1900 ló sì jẹ́ kí gàrí gbilẹ̀. Ìrẹsì tí mo béèrè, òun ni ìjọba ológun fòfin de ti òkèèrè rẹ̀ ní 1985, tí a ò sì jáwọ́ nínú rẹ̀.

Mo tún béèrè ilá. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ ti Orónsẹn ni? Olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹn ni Orónsẹn. Èèwọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n lọ ilá lójú rẹ̀, kí wọ́n da omi sí àgbàlá, kí wọ́n sì ju ìdì igi mọ́lẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó bá bínú lọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe Ìgógó nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, fún ọjọ́ 17, tí wọn kì í lu ìlù, àfi agogo. Ẹ wò ó, ilá lílọ lé olorì kúrò láàfin.

Ìyá bù ọbẹ̀ kún tèmi, ó sì di èjìká rẹ̀ mú. Ọmọkùnrin tó ń bá a gúnyán ti lọ wa ọ̀kadà. Òun nìkan ló kù sídìí odó. Bàbá alágbàdá ní kò gbọdọ̀ ra ẹ̀rọ, pé iyán ẹ̀rọ kì í ṣe iyán. Nàìjíríà ló ń pèsè ju ìdajì iṣu gbogbo ayé lọ, ṣùgbọ́n àwa tí a ń yin odó, kì í ṣe èjìká tiwa ló ń ro wá. Mo ní kí ìyá ra ẹ̀rọ, ó jàre. Bàbá wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ burúkú sí ọba.

Ìyá ní, "Bí mo bá ra ẹ̀rọ, bàbá, kí ni ì bá pè yín wọlé lónìí?"

Mi ò rí èsì fún un. Oníbàárà méjì ti wọlé, ó sì ti padà sídìí odó kí n tó fọwọ́ tán.