Etí Ọ̀sà Èkó: Ibi tí Kòkó Àwọn Bàbá Wa Gbà Lọ

  

Ẹ rántí ìtàn Èkó tí a kọ́ ní kíláàsì? Pé ní oṣù kejìlá ọdún 1851 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ ìlú Èkó, pé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861 Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di tiwọn. A kọ ọ́ sínú ìwé, a gba máàkì, ó parí síbẹ̀. Ta ló rò ó nígbà náà pé etí ọ̀sà tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kan oko bàbá òun ní Àkànrán, ní Ẹgbẹ́dá, ní Làlúpọn tàbí ní Moníyà? Ó kàn wá gbọnrangandan. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyẹn, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó máa wò bí ẹ bá dé Marina, tí àwọn ará Èkó àtijọ́ ń pè ní Ẹ̀hìngbẹtì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí ogun Kírìjì parí, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tú ká kúrò ní ibùdó wọn ní Ìkìrun ní 1893, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jagunjagun. Wọ́n yíjú sí oko. Kòkó ti wọ ilẹ̀ wa láti nǹkan bí ọdún 1874, àwọn ará Èkó sì ti ń gbìn ín ní Agége. Àwọn ọmọ wa tó lọ ṣe lébìrà níbẹ̀ ló ń mú irúgbìn rẹ̀ bọ̀ wálé. Bí igbó ìhà ìlà-oòrùn àti gúúsù Ìbàdàn ṣe di oko kòkó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n a kì í jẹ kòkó bí iṣu. Ẹ̀yìn odi ni ọjà rẹ̀ wà. Ní oṣù kẹta 1901 ni rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di 1907, ó ti gba Làlúpọn kọjá dé Òṣogbo. Ẹ fojú inú wò ó. Ìyá àti ọmọ pa kòkó, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, wọ́n sá a títí ó fi gbẹ tó ń dún wàràwàrà. Wọ́n dì í sápò, wọ́n rù ú dé ọ̀dọ̀ oníkòkó. Ó gorí ìwọ̀n, ó dé ibùdó rélùwéè, ó dé Ìddó. Láti 1902 títí di 1933, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tó ń gba orí Afárá Carter láti Ìddó wọ erékùṣù Èkó lọ sí Marina. Ibẹ̀ ni àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó tò sí gẹ́ẹ́rẹ́, John Holt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí UAC náà wá dara pọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1929.

Ìṣòro kan ṣì wà níbẹ̀. Iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Ọkọ̀ kékeré ló ń kó ẹrù lọ sí Forcados, kí ọkọ̀ ńlá tó gbà á níbẹ̀. Ìgbà tí ìjọba to òkúta sínú òkun, tí wọ́n sì ń wa iyanrìn ẹnu ọ̀sà kúrò, ni ọ̀nà tó là. Ní 1926 wọ́n ṣí èbúté Àpápá. Owó tí gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí gbà, ṣé ẹ rò pé Lọ́ńdọ́nù ló ti já bọ́ ni? Kòkó, epo àti ẹ̀kùrọ́ ni ìjọba ń rí owó nídìí wọn.

Kí a má sì tan ara wa jẹ o. Kí kòkó tó dé, ènìyàn ni ẹrù tí ọ̀sà yẹn ń gbé lọ. Ogun tí ìlú Yorùbá ń bá ara wọn jà ló ń pèsè wọn. Nígbà tí wọ́n sì dẹ́kun kíkó ẹrú lọ sókè òkun láti Èkó, ogun kò tán. Ìbàdàn ṣì ń kó ẹrú bọ̀ láti ojú ogun, àwọn ẹrú náà ló ń dá oko olóyè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn etí ọ̀sà gbọ́dọ̀ sọ tòótọ́ tèké, kó máà mú adùn kó fi ìkorò sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ìjọba ṣí ní oṣù kẹfà 2021. Moníyà ní Akínyẹlé níhìn-ín ni ibùdó rẹ̀ wà, Èbúté Mẹ́ta ló ń já yín sí. Ẹ wọ mọ́tò níbẹ̀, ẹ gba orí Afárá Carter, ẹ dé Ìdúmọ̀tà.

Ní Ìdúmọ̀tà, ẹ dúró díẹ̀. Ibẹ̀ ni Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà wà láyé ọjọ́un, tí gbogbo ayé fi ń pòwe. Àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n fi ń rántí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé kì í ṣe ṣọ́jà nìkan ni wọ́n yà síbẹ̀. Aláàárù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀kan nínú àwọn tó ru ẹrù ogun wọ inú igbó Kamẹrúùnù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ti gbé àwọn ère náà kúrò ní Ìdúmọ̀tà, wọ́n sì gbé ère Ẹ̀yọ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yọ̀ dára, àṣà Èkó ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ti aláàárù yẹn sọ́kàn, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ rìn dé pápá Tinúbú. Obìnrin oníṣòwò ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tó wá di Ìyálóde ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbẹ́ pápá náà ni Ilé Ìlọ́jọ̀ wà tẹ́lẹ̀, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 ní irú ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé. Ní 1956 ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún tí orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba kò gbà á lọ́wọ́ katakata. Bí ohun tí òfin dáàbò bò bá lè lọ báyìí láàárín ìlú, níṣojú gbogbo ayé, kí ni yóò gba èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní abúlé wa?

Ẹ já sí Marina gan-an. Kàtídírà Christ Church ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, èyí tí wọ́n parí ní 1946. Nígbà kan omi ni ó kọjú sí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n kó iyanrìn dí etí ọ̀sà, tí wọ́n la títì ńlá sórí rẹ̀. Ibojì ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther wà nínú Kàtídírà náà. Ọmọ Òṣoogùn ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, láti Èkó ni wọ́n sì ti gbé e wọ ọkọ̀ òkun lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sà tó gbé e lọ ní ẹrú náà ló sinmi sí létí ní bíṣọ́ọ̀bù.

Ní ẹ̀yìn Marina, ní òpópónà Kákáwà, ẹ bèèrè Ilé Omi. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ní kékeré, ló padà wá kọ́ ọ. Ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, ó ń ta omi fún ará Èkó. Candido, ọmọ rẹ̀, lówó débi pé orúkọ ìdílé wọn di àpèjúwe ọlọ́rọ̀ lẹ́nu ará Èkó.

Ẹ máa bá Marina lọ títí ẹ ó fi dé iwájú ilé tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná nígbà kan. Ṣàngó ni ẹ ó rí, ó nàró gẹ̀gẹ̀rẹ̀, osé wà lókè. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, ló fi idẹ ṣe é ní 1964. Ẹ wo bí ọgbọ́n ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀: ọba Ọ̀yọ́ tó ni mànàmáná ni wọ́n fi ṣọ́ ilé iná, ọmọ Ìgbò ló sì gbẹ́ ẹ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà fẹ́ sọ pé agbára iná kò ṣàjèjì sí wa, a ní orúkọ tí à ń pè é.

Ibẹ̀ kò jìnnà sí Freedom Park. Ẹ̀wọ̀n ni lọ́jọ́ ayé àwọn òyìnbó. Wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ ibẹ̀, wọ́n ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà mọ́ ibẹ̀. Ní 2010 ni ó di ọgbà ìgbafẹ́, tí wọ́n gbé ère sí i, tí wọ́n fi ibi tí yàrá ẹ̀wọ̀n wà hàn fún ènìyàn láti rí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè dé pápá Tafawa Balewa ní Oníkan, níbi tí a ti gbòmìnira ní 1960, kí ẹ wo àwọn ẹṣin funfun àti ẹyẹ idì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọ̀nà tí mo tò yìí, mo ti rìn ín láti òkè dé ilẹ̀. Mo rí òrìṣà, mo rí Ẹ̀yọ̀, mo rí bíṣọ́ọ̀bù, mo rí ẹṣin, mo rí ẹyẹ. N kò rí àgbẹ̀ kankan. Ẹni tó súnmọ́ ọn jù lọ ni aláàárù Ìdúmọ̀tà, òun náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí a kò yà lére, bó bá pẹ́ títí, wọn a ní kò gbé ayé rí.

Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tiwa kò dákẹ́ rárá. Ní 1937, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó ní Gbẹ́dun, ní Ọ̀nà-Àrà, ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Nàìjíríà, kí wọ́n lè ta ọjà wọn láìsí ìrẹ́jẹ. Lẹ́yìn 1945, nígbà tí ìjọba ń gé igi kòkó lulẹ̀ nítorí àrùn, wọ́n jà fún igi wọn. Láti 1947, Cocoa Marketing Board ló ń dá iye owó lé kòkó. Ohun tó bá ṣẹ́kù lórí owó tí ayé ń rà á, àpò ìjọba ló ń lọ. Nínú owó yẹn ni ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ti jáde ní oṣù kìíní 1955, nínú rẹ̀ ni Ilé Kòkó ti dìde ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Èmi kò ní kó má rí bẹ́ẹ̀. Nínú wa, ta ni kò jẹ nínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí owó orí wá pọ̀ ju owó kòkó lọ, Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968. Ní oṣù kẹsàn-án 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Awólọ́wọ̀, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n tì í mọ́ l'Ékòó, ló lọ bá Táfà Adéoyè sọ̀rọ̀ ní Àkànrán. Ìjọba sọ owó orí di pọ́n-ùn méjì.

Ìtàn tó tó bẹ́ẹ̀, ibo ni ẹ ti lè fi han ọmọ-ọmọ yín? Àwọn ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí ń wó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ta ìwọ̀n àtijọ́ fún àwọn onírin. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń di àpò ti ń lọ, a sì ń ṣe ìsìnkú wọn láìbi wọ́n ní nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yín kò ṣòro. Kí ìpàdé ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí oníkálukú lọ sí abúlé rẹ̀, kó bi àgbà tó kù léèrè: ilé kòkó wo ló kọ́kọ́ wà níhìn-ín, ta ló kọ́ ọ, ọ̀nà wo ni ẹrù gbà dé rélùwéè? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ilé náà kí òjò tó wó o. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa tò ó pọ̀ bí ẹ ti ń bá wa tò ó nígbà náà, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí. Bí ọwọ́ bá sì tẹ́ owó, ẹ jẹ́ ká ya ère kan ṣoṣo sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé wa: obìnrin kan tó ru àpò kòkó. Kò pọn dandan kó jẹ́ idẹ bíi ti Marina. Símẹ́ǹtì ti tó. Kí a ṣáà kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà tó lọ sí Èkó.

Ire o.